Ẹ sọ tiyín: abẹ́rẹ́ ọmọ, ta ló gbà á lásìkò, ta ló fi falẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ torí èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Fúráìdè ni mo bí àwọn ìbejì mi, wọ́n kán ti rọpárọsẹ̀ sí wọn lẹ́nu, wọ́n gún ọ̀kan sí wọn nítan, nọ́ọ̀sì wá ní ti BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń gún sápá òsì yẹn, kí n padà wá ní Túsìdeè. Kí ló dé? Ó ní ìgò kan, ọmọ 20 ló wà fún, tí wọ́n bá ti lè ṣí i báyìí wákàtí 6 péré ló ní, èyí tó bá ṣẹ́kù dànù ni, wọ́n ń dúró kí ọmọ pọ̀ ni. Mo ní ṣebí méjì lèmi gbé wá, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Túsìdeè dé, òjò. Túsìdeè kejì, ìyá ọmọ 4 péré ló wá, wọ́n ní ká máa lọ ilé, èmi tí mo pọn ọ̀kan sẹ́yìn tí mo gbé ìkejì sáyà lórí ọ̀kadà! Wọ́n ti lé lọ́sẹ̀ 5 kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tó yá ojú ibẹ̀ wá wú lápá Táíwò, ó ṣọyún, ti Kẹ́hìndé ń wò ní tiẹ̀. Màmá ọkọ mi ti gbé òrí àti ewé kan dé, ọpẹ́lọpẹ́ pé nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ká má fi nǹkankan sí i, á gbẹ fúnra ẹ̀.

Bàbá Ṣadé, Òṣogbo:
Tiwa ò kan nọ́ọ̀sì, àwa gan-an la jẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, gbogbo ẹ̀ la lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, èyí tó wà fún gbọ̀fungbọ̀fun, ipá, ikọ́ líle àtàwọn méjì yòókù, ara ọmọ gbóná débi pé ìyàwó mi ní òun ò tún ní gbé e lọ mọ́, a jà sí i. Ọ̀sẹ̀ 14 kọjá, káàdì wọ inú àpótí. Oṣù 9 ló yẹ kó gba ti measles àti ti ibà pọ́njú, ọmọ ti ń rá, ó ti ń fi àga dìde, ta ló tún rántí káàdì. Ó ku oṣù kan kó pé ọdún kan, ojú ẹ̀ pọ́n, ikọ́, imú ń dà, nǹkan wá ń su sí i lára láti ẹ̀yìn etí. Àwọn ará ilé ní ká fi ẹmu wẹ̀ ẹ́, a sì fi wẹ̀ ẹ́ o, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mímí di ìṣòro la sáré gbé e lọ. Dókítà ní ká mú káàdì wá, ó ṣí i, ó fi bírò lu ibi oṣù 9 tó ṣófo lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkankan. Ọjọ́ 9 la lò níbẹ̀.

Mummy Láyọ̀, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:
Ọmọ náà kú ewu o. Tiwa níbí, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì mi tó wá bá mi wẹ ọmọ, ọ̀sẹ̀ 6 pé, ariwo! Wọ́n pe àbúrò wọn n'Íjẹ̀bú pé èmi ò fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n tún wo apá Láyọ̀, kò sí àpá BCG. Lóòótọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń fún níbí, àmọ́ torí Nàìjíríà ni wọ́n ti bí wa ó tọ́ sí i, lẹ́yìn ọjọ́ 28. Mo pè wọ́n títí kí lẹ́tà tó dé. Ti measles, ìgbà tọ́mọ bá pé ọdún kan ni níbí, a sì ń bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ńbà, ọmọ oṣù 10 ni, mo bá ní kí wọ́n fún un ṣáájú, wọ́n fún un. Ti ibà pọ́njú, owó ara mi ni mo san.

Àǹtí Agége:
Ṣé HPV, abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ojú ilé ọmọ, náà wọ̀ ọ́? October 2023 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ l'Ékòó fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ilé ìwé fún ọmọ mi ní fọ́ọ̀mù ká sáìn. Àbúrò ọkọ mi ní wọ́n fẹ́ sọ wọ́n di àgàn. Fọ́ọ̀mù yẹn wà lábẹ́ Bíbélì fún ọjọ́ 3. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú kọ́mpáùǹdì wa ni mo lọ bá, màmá yẹn ti tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ojú ilé ọmọ rí, wọ́n ní "sáìn ín". Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gún un, apá dùn ún dọjọ́ kejì, ó tán. Àbúrò ọkọ mi tó ń pariwo yẹn, àpá BCG tiẹ̀ tó kọ́bọ̀, ó sì ti bí 5.

Bàbá Ṣadé, Òṣogbo:
Ẹ kú ẹ̀rín. Ṣadé máa pé oṣù 15 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà tí wọ́n ń gba ti measles ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ti fi álààmù sí fóònù. Ìyá Ìbejì, ṣé ìgò ti measles náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ó ní. Ọmọ 10 ló wà fún, ẹ béèrè ọjọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Kẹ́ ẹ tètè dé o, tí wọ́n bá ti kọrin tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, ẹ̀yìn pátápátá lẹ máa tò sí.