Òdòdó tó ń rọ̀ wálẹ̀ lójú fèrèsé: èwo ló bá yín kalẹ́?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ òdòdó ojú fèrèsé ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Àjà kejì ni mo ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní àgbàlá, fèrèsé méjì péré ni mo ní tó kọjú sí títì, oòrùn sì máa ń wà lára wọn láti nǹkan bí aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé àpótí òdòdó síbẹ̀, ojú lásán ni mo fi yàn án. Mo rí petunia elésè àlùkò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, ó ń ya wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo rí lobelia aláwọ̀ búlúù, wínníwínní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ra mẹ́fà mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ ń gbójú sókè wò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Petunia tí mo rà yẹn, bí òdòdó rẹ̀ bá ti rọ, ńṣe ló máa ń lẹ̀ típẹ́ sára igi bíi bébà tó tutù. Ọwọ́ lèèyàn fi ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan, oje rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni níka. Bí a ò bá já a, èso ni yóò gbájú mọ́, òdòdó á dín kù. Omi ńkọ́? Nínú ooru oṣù keje, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé láago mẹ́jọ òwúrọ̀, oorun á ti kún ojú mi, síbẹ̀ ike omi ni mo máa kọ́kọ́ gbé.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣaláìsí, mo lọ sílé, sí Ìjẹ̀bú, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Aládùúgbò mi kan bá mi bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo máa fi dé, lobelia ti gbẹ bíi koríko ìgbà ọyẹ́. Mo gbé àpótí náà sínú omi ní balùwẹ̀ títí ilẹ̀ inú rẹ̀ fi mu yó. Petunia jí díẹ̀. Ní ti lobelia, omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ó dùn mí, torí mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó wá láti Jàmáíkà ń gbé nísàlẹ̀ mi. Òun ló pè mí wọlé lọ́dún kejì, ó fi geranium hàn mí, èyí tí ewé rẹ̀ ní ṣóńṣó márùn-ún, tó máa ń rọ̀ wálẹ̀. Ó já ewé kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó nípọn, ó ń dán, bíi ewé gbúre tó gbó. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, omi yọ. Màmá ní, “Omi tiẹ̀ wà lára ẹ̀.” Gúúsù Áfíríkà ni ìran geranium yìí ti wá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ọ̀dá. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ṣí gbayawu ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ṣù jọ bíi róòsì, torí èyí tó ṣí yìí máa ń gbọn òkú òdòdó rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo fi ń bomi rin ín báyìí, bí ooru bá mú gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ajílẹ̀ oníhóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń pò mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀. Mi kì í gbé e síta kí oṣù karùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí yìnyín alẹ́ kan ṣoṣo lè pa á.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbin Erigeron sí, ará Mẹ́síkò. Òdòdó kékeré ni, funfun ló máa ń là, tó bá pẹ́ díẹ̀ á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Inú ihò ògiri pàápàá ló ti ń hù níbí, láìsí ẹni tó gbìn ín.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé kéèyàn tó ra òdòdó, kó kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí òun kì í sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwúwo náà pẹ̀lú. Mo gbé àpótí mi, gígùn rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí mo bomi rin ín: kílò 14. Irin ni kí ẹ fi dè é mọ́ ògiri, ọmọ ọlọ́mọ ń kọjá nísàlẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún màmá tó lọ.

Níbí, òjò ló ba tèmi jẹ́, kì í ṣe ọ̀dá. Portulaca ni mo gbìn sétí bákónì, ẹ̀yà pápásan tí gbogbo wa mọ̀ ni, àmọ́ òdòdó tirẹ̀ tóbi: pupa, òféèfèé, funfun. Kì í fẹ́ kí wọ́n kẹ́ òun. Oòrùn ló ń ṣí i, bí ojú ọjọ́ bá ṣú, pádi ló máa wà. Ìkòkò tí mo lò kò nihò nídìí. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà, igi rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, mo fà á, gbòǹgbò rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́, ó ń rùn. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò márùn-ún sí ike mìíràn, mo da yanrìn mọ́ ilẹ̀dú ní ìlàjì-ìlàjì, mo gé ẹ̀ka tó kù tó bí ìka kan, mo tì í bọ̀ ọ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò ra omíràn mọ́.

Bougainvillea náà wà lókè. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bomi rin ín lójoojúmọ́, ewé nìkan ni mo rí. Ìgbà ẹ̀rùn kan, mo lọ kí ọmọ mi l'Ábújá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí mo dé, ó ti pọ́n wìì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá gbẹ díẹ̀ ló máa ń tanná. Kẹ́ ẹ ṣáà gbé e jìnnà sí ibi táwọn ọmọdé ń gbà, ẹ̀gún rẹ̀ mú.

Àbúrò yín, Èkó

Ẹ káàsán, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé mi kọjú sí, oòrùn kì í débẹ̀. Portulaca tí mo gbìn ò là rárá. Tradescantia ló gbà fún mi, èyí tí ewé rẹ̀ ní ilà fàdákà lórí, tí abẹ́ rẹ̀ sì rí bí àwọ̀ elésè àlùkò. Ewé ni ẹwà rẹ̀, òdòdó rẹ̀ kéré. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gé e láìwọ ìbọ̀wọ́, apá mi ń yún mi di alẹ́. Ẹ tún wo àwo tó wà lábẹ́ ìkòkò yín: mo gbé tèmi lọ́jọ́ kan, tanwíjí ló kún inú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, àmín o, ẹ ṣeun. Àbúrò mi, da yanrìn kún àwo náà dé etí, omi ò ní rí ojú dúró sí, ẹ̀fọn ò sì ní rí ibi yé sí. Ìhà tí fèrèsé kọjú sí yẹn, ó yẹ kí n ti fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Bàbá, mo ti gé ẹ̀ka geranium mẹ́rin láàárọ̀ yìí bí ẹ ṣe gé portulaca yín, wọ́n wà nínú ilẹ̀ oníyanrìn lórí tábìlì ilé ìdáná mi. Ọ̀kan nínú wọn, ti màmá ìsàlẹ̀ ni.