Amúlémí, àbí kí la fẹ́ máa pè é?

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú ìjókòó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bi yín pé kí ni ká máa pe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ERV (energy recovery ventilator, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé tó sì ń lé àlòkù jáde), èyí tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kì bọ inú AC ara ògiri láwọn ilé alájà gíga ní Bronx, ní New York. Èsì mẹ́rin ni mo rí gbà. Mo dúpẹ́ gidi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tán nínú wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé yìí gùn.

Ohun tó fa ìbéèrè náà rèé. Màmá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ń wò mí bí mo ṣe ń tú AC wọn jáde nínú àpótí irin tó wà lára ògiri lábẹ́ wíńdò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lẹ tún fẹ́ fi sí i?" Mo ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé ni. Wọ́n ní, "Kí wá ni iṣẹ́ AC látijọ́? Wíńdò ńkọ́, ṣé wíńdò ti kú ni?" Ẹnu mi wọhò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, àmọ́ gbogbo àlàyé tó wà lẹ́nu mi, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìbéèrè Màmá ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé AC ń fa afẹ́fẹ́ wá láti ìta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní split, afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń fà, òun náà ló ń mú tutù tó tún ń tú dà sílẹ̀. Gáàsì inú páìpù nìkan ló ń lọ síta tó ń bọ̀. Bí èèyàn mẹ́rin bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn síbẹ̀, èémí ara wọn ni wọ́n ń mí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ti New York tó wà nínú àpótí irin (íǹṣì 42 ní fífẹ̀, 16 ní gíga, bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí) máa ń ní ihò kékeré kan tó ní ìdérí, tí èèyàn lè ṣí. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ìta bá ṣe wà ló ṣe ń bá ibẹ̀ wọlé, tòun ti òtútù, tòun ti eruku.

Ti ERV yàtọ̀. Fáánù méjì ló ní: ọ̀kan ń fa ti ìta wọlé, èkejì ń lé ti inú jáde. Àwọn méjèèjì ń gba inú ohun kan tó dà bíi páálí tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele, tí awẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Afẹ́fẹ́ kan ń gba ìpele àkọ́kọ́, èkejì ń gba ìpele kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Wọn kì í dàpọ̀, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ń gba ara awẹ́ náà kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ èkejì. Ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò méjì ń na iyọ̀ àti ata síra wọn láti orí ògiri, láìsí ẹni tó wọ ilé ẹnì kejì.

Ó yá, ká wo àwọn orúkọ tí ẹ mú wá.

Ẹni tó ní ká fi í sílẹ̀ ní ERV nítorí pé a fi TV sílẹ̀ ní TV, ẹ jọ̀ọ́, TV àti amóhùnmáwòrán jọ ń gbé láàárín wa láìjà. Bí mo bá pe ERV fún Màmá lọ́jọ́ náà, kí ni wọn ì bá gbọ́?

Ẹwìrì ilé tí àbúrò wa láti Àkúrẹ́ mú wá pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí a ti ní nílẹ̀ ni. Àmọ́ tí mo bá ti gbọ́ ẹwìrì, iná alágbẹ̀dẹ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fín iná mọ́ òun ní yàrá.

Apààrọ̀-afẹ́fẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Lọ́ndọ̀nù dábàá kò burú létí. Ṣùgbọ́n wíńdò náà ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́. Nínú páálí tí mo sọ yẹn, afẹ́fẹ́ gan-an ni ohun tí wọn kò pààrọ̀. Ẹrù tó wà lórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Ó wá ku ti Ọ̀gá wa ní Ìbàdàn: ẹ̀rọ agbagbára-padà. Ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Agbára ni ọ̀ràn àkọ́kọ́. Lẹ́nu wa, agbára jẹ mọ́ ọba, ìjọba, ìjàkadì àti oògùn. Bí mo bá sọ fún Màmá pé mo fẹ́ fi agbagbára-padà sára ògiri wọn, wọ́n á pe pásítọ̀ kí n tó rí sukudiráfà mi.

Ọ̀ràn kejì wà nínú "padà". Ohun tí èèyàn bá gbà padà ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní New York nígbà òtútù, ó bá a mu: ẹ ti sanwó ooru inú ilé, ooru yẹn fẹ́ bá afẹ́fẹ́ àlòkù jáde, ẹ̀rọ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún èyí tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀rọ kan náà lọ sí Èkó. Ooru ìta kò fìgbà kan jẹ́ ti onílé. Bí ó ṣe ń wọlé ni afẹ́fẹ́ tútù tó ń jáde ń gba ẹrù lórí rẹ̀, tó ń gbé e padà síta. Ìdápadà lèyí, kì í ṣe ìgbàpadà. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá á ní ìtutù la gbà padà. Ó dára, àmọ́ orúkọ tó nílò agbẹjọ́rò bó bá ti kúrò ní ìlú kan dé òmíràn kò tíì gbó.

Ohun tó wá jẹ mí lógún jù ni ọ̀rinrin, nítorí kò sí nínú orúkọ kankan tí ẹ mú wá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kìlógíráàmù 1 ní Èkó, ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 80%, ó gbé omi bíi gíráàmù 21 sínú. Nínú yàrá tó wà ní 24°C àti 50%, bíi 9 ni. Gíráàmù 12 tó lé yẹn ni AC gbọ́dọ̀ sọ di omi kó tó lè sàn jáde ní páìpù ẹ̀yìn ilé. Iṣẹ́ ìyẹn tó 30 kJ (kìlójúùlù, òṣùwọ̀n iṣẹ́). Mímú ìgbóná sọ̀kalẹ̀ láti 30 sí 24, 6 kJ péré ni. Ẹ ò rí i pé ìlọ́po márùn-ún ni iṣẹ́ omi fi ju iṣẹ́ ìgbóná lọ. Ní New York lọ́jọ́ tí ìta bá wà ní 0°C tí inú ilé wà ní 21, ọ̀rọ̀ yí padà: ìgbóná ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ibi tí mo dé nìyí tí mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo ń wá kò fìgbà kan sọnù. Ooru ni. Ìkòkò tó ń hó, kí ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀? Ooru ni. Ẹni tó da aṣọ borí lórí omi gbígbóná kí ọ̀fìnkìn lè lọ, kí ló ń fà símú? Ooru náà ni. Lóru oṣù kẹta ní Èkó, tí iná bá lọ, oòrùn ti wọ̀ tipẹ́, ara ń lẹ̀ mọ́ ẹní, a ní ooru ń mú wa. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Lọ́sàn-án, oòrùn lè máa ta ni lẹ́yìn, àmọ́ ẹni tó bá bọ́ sábẹ́ igi kì í sọ pé ooru ń mú òun mọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ là sí méjì, ìgbóná lọ́tọ̀, ọ̀rinrin lọ́tọ̀, tí wọ́n tún wá fi ọ̀rọ̀ tó ti èdè Gíríìkì wá, enthalpy, dì pọ̀, ooru tiwa ti ń gbé méjèèjì pọ̀n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nítorí náà apààrọ̀-ooru tó fún iṣẹ́ tí páálí yẹn ń ṣe. Ẹ̀rọ kejì tí wọ́n ń pè ní HRV (heat recovery ventilator), tó ń fi ìgbóná ránṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin kọjá, òun ló yẹ kó máa wá àfikún orúkọ kiri.

Fún ẹ̀rọ náà lódindi, amúlémí ni mo mú wá. A ti ní amúlétutù, ẹ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ amúlémí. Bí ẹnì kan bá ní "mú" kì í bá ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "mí" rìn bẹ́ẹ̀, kó bi amúnisìn àti amúnibínú léèrè. Àbùkù tó wà níbẹ̀ kò pamọ́: mo fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí fóònù láìfi àmì sí i, ó ka amúlémì, ó wá ń bi mí pé ṣé ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n ni. Mo ti gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹni tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ kò lè bàjẹ́.

Bí ilé bá ń mí, àwọn ẹ̀yà yòókù á máa sọ orúkọ ara wọn. Ojú ihò méjì tó wà níta, imú ni. Ọ̀kan ń mí sínú, èkejì ń mí síta, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jìnnà síra bí àpótí bá ṣe gbà wọ́n tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tó tú jáde ló tún máa fà wọlé. (Iṣẹ́ tí mo tún ṣe lẹ́yìn ẹlòmíì lóṣù tó kọjá nìyẹn. Ẹni náà tún tẹ àpótí sínú dípò síta, gbogbo òjò ló ń sàn wọ pálọ̀.) Páálí inú rẹ̀, mo fẹ́ ká pè é ní afárá. Ẹ wò ó lójú, bí afárá oyin ló rí, ooru sì ń gba orí rẹ̀ sọdá bí ẹni ń gba orí afárá odò. Tí òtútù bá mú gidi, afárá lè di yìnyín, ìdí rèé tí àwọn kan fi máa ń dá fáánù tó ń fa ti ìta dúró fúngbà díẹ̀. Ohun tó ń gba eruku, asẹ́ ni, kò lárìíyànjiyàn.

HRV ló kù tí n kò rí orúkọ fún. Mo gbìyànjú "apààrọ̀-ooru-gbígbẹ", ó ń ha mí lọ́fun. Ọ̀gá, àti ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ndọ̀nù níbi tí HRV pọ̀ sí, ẹ bá mi wò ó. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa padà lọ fọ asẹ́ Màmá, mo sì ti ṣèlérí pé màá fi báírò kọ orúkọ ẹ̀rọ wọn sára ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí.