Ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí mo ń fi páìpù kọ́: síkéèlì wo ni kí n lò?

Olùbéèrè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí n tó fi abẹ kan nǹkan kan.

Mo ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ gbalasa òfuurufú kan tó wà nínú ìtàn tí èmi fúnra mi ń kọ. Kò sí ìwé ìlànà, kò sì sí àwòrán ẹnikẹ́ni tí mò ń wò. Páìpù ínǹṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni mo fi ṣe ara rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, mo sì gé e sí sẹ̀ǹtímítà 60. Fómù tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni mo gbẹ́ fún iwájú, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi dán. Nínú ìtàn mi, ọkọ̀ yìí gùn tó mítà 180, igba èèyàn ló sì ń gbé inú rẹ̀.

Mo ti fi pẹ́ńsù ya fèrèsé yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 15. Nígbà tí bàbá mi rí i, wọ́n ní bọ́ọ̀sì ni. Àbúrò mi náà ní bọ́ọ̀sì ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọkọ̀ ńlá ni. Ṣé síkéèlì, ìyẹn iye ìlọ́po tí ọkọ̀ gidi fi ju mọ́dẹ́ẹ̀lì lọ, ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ mú ni, àbí gígùn? Mo sì ń rí 1/72, 1/48, 1/144 àti 1/350 lára páálí àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà. Ṣé dandan ni kí tèmi bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò (Ọ̀yọ́)

Àbúrò, o káre. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Sọ gígùn ọkọ̀ gidi di sẹ̀ǹtímítà, kí o wá fi gígùn mọ́dẹ́ẹ̀lì pín in. Mítà 180 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18,000. Fi 60 pín in, 300 lo máa rí. 1/300 ni síkéèlì rẹ nìyẹn. Ohunkóhun tó bá wà lára ọkọ̀ gidi, fi 300 pín in kí o tó gé e. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 á di mílímítà 6.7. Èèyàn tó ga ní mítà 1.7 á di mílímítà 5.7.

Ó ku ìdajì iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Ṣe fífẹ̀ páìpù náà ní ìlọ́po 300: mítà 33. Bí àjà kan bá gba mítà 3, ti ilẹ̀ rẹ̀ ti wáyà tó gba abẹ́ rẹ̀, ilé alájà 11 lo kọ́ yẹn, ó sì gùn tó mítà 180. Igba èèyàn á sọnù sínú rẹ̀. Bí ìtàn rẹ bá ní epo, omi àti ẹrù tó máa kún àyè yẹn, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ìwọ tí o ń kọ ìtàn náà ti mọ̀ ọ́n.

Kí ojú rẹ lè gbà á, Cocoa House n'Ìbàdàn ga ní mítà 105, alájà 26 ni. Ní 1/300, sẹ̀ǹtímítà 35 ni gbogbo gíga rẹ̀. Gé bébà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù rẹ, kí o wò ó dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yàwòrán-ilé (LAUTECH)

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, ìṣirò wọn sì pé. Ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ni tèmi fi yàtọ̀ díẹ̀, kí wọ́n má bínú sí mi.

Ohun tó wà láyé, gígùn rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, torí a lè lọ wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ tìrẹ kò sí níbì kankan tí ẹnikẹ́ni ti lè wọ̀n ọ́n. Ojú ẹni tó ń wò ó kò mọ mítà 180, àmọ́ ó mọ ilẹ̀kùn. Ó mọ fèrèsé, ó mọ àtẹ̀gùn, ó mọ irin tí èèyàn ń dì mú kó má bàa já bọ́. Ibi tí ara èèyàn bá ti kan ọkọ̀ náà ni síkéèlì ń gbé. Wo fèrèsé mílímítà 15 tí o yà yẹn: ní 1/300, mítà 4.5 ni fífẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ti rí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní 1/72, ó fẹ̀ díẹ̀ ju mítà kan lọ, fèrèsé bọ́ọ̀sì gan-an nìyẹn. Ojú bàbá rẹ ló ti bá ọ ṣe ìṣirò yẹn kí wọ́n tó la ẹnu.

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì, kò sí dandan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì ló bí àwọn nọ́ńbà bíi 1/72 àti 1/48: ní 1/72, ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6, ní 1/48, ó dúró fún 4. Wọ́n wúlò bí o bá fẹ́ gbé tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíì, tàbí bí o bá fẹ́ yọ awakọ̀ àti àga láti inú páálí tí wọ́n ń tà.

1/200 ni mo máa mú ká ní èmi ni. Rúlà onígun mẹ́ta tí a fi ń ya ilé ní ojú 1:200 lára, o ò ní máa wá kakulétọ̀ kiri. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà 2, ó parí. Àwọn ère èèyàn kéékèèké tí a máa ń tò síwájú mọ́dẹ́ẹ̀lì ilé wà ní 1:200 pẹ̀lú. Bi akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa èyíkéyìí, wọ́n á fún ọ ní díẹ̀. Páìpù rẹ á wá jẹ́ mítà 120 ní gígùn, 22 ní fífẹ̀, àjà méje. Kò kéré o. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tó gbé èèyàn lọ sínú òṣùpá ní 1969 kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mítà 111 ni.

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò (Ọ̀yọ́)

Mo gbà pẹ̀lú rẹ, àlàyé fèrèsé yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Àbúrò, bí o kò bá fẹ́ fi mítà 180 rẹ sílẹ̀, 1/200 kò dí ọ lọ́wọ́: páìpù sẹ̀ǹtímítà 90 lo máa nílò.

Ọmọ Afíngbá (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ìdí igbá fífín ni wọ́n bí mi sí, ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlà máa ń tú àṣírí. O lè wọn ilẹ̀kùn kó pé, kí ìlà tí o fà yí i ká sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ní 1/200, ìlà tó fẹ̀ ní mílímítà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 lára ọkọ̀ gidi. Ẹsẹ̀ èèyàn á wọ inú ihò yẹn! Bí o bá ń fa ìlà ibi tí pánẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé, má lo ọ̀bẹ. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni kí o kì bọ orí igi kékeré, kí o gbé rúlà onírin lé páìpù náà, kí o wá fi ẹnu abẹ́rẹ́ họ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, léraléra, láìtẹ̀ ẹ́. Ìlà tí o bá ní láti súnmọ́ kí o tó rí i, òun gan-an ló ń sọ ọkọ̀ di ńlá. Ọ̀dà náà ń kó ìwọ̀nba tirẹ̀ sí i: bó bá nípọn, ó máa dí gbogbo ìlà yẹn pa.

Bàbá Onírédíò (Tákìé)

Ọmọ mi, yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, rédíò tó ti kú pọ̀ níbẹ̀. Résísítọ̀ kékeré inú rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mílímítà 6. Ní 1/200 tí wọ́n ń sọ yìí, táǹkì tó gùn ju mítà kan lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n rí i dájú pé o kun àwọ̀ mèremère ara rẹ̀ pa, torí ẹni tó bá mọ résísítọ̀ á dá a mọ̀. Ìdérí ọtí ńkọ́? Má lò ó fún ẹnu ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ayé ló mọ eyín etí rẹ̀, gbàrà tí wọ́n bá ti dá a mọ̀, ọkọ̀ rẹ ti kéré nìyẹn.

Olùbéèrè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, bàbá, mo dúpẹ́ sà. 1/200 ni mo mú, mo sì máa fi páìpù tó ṣẹ́ kù kún un kó di sẹ̀ǹtímítà 90. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo máa fi so ó pọ̀ yọ síta díẹ̀, mo máa sọ ọ́ di òrùka ibi tí ọkọ̀ kékeré ti ń gúnlẹ̀. Mo ti pa àwọn fèrèsé ńlá yẹn rẹ́. Mílímítà 2 ni tuntun, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 40 lára ọkọ̀ gidi. Ó ku ẹyọ kan: báwo ni mo ṣe máa to fèrèsé àjà méje sára ohun tó rí roboto kó sì gún? Mo fẹ́ yí bébà ká a, kí n fa ìlà méje tí àlàfo wọn dọ́gba sórí bébà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yàwòrán-ilé (LAUTECH)

Dúró ná, má fà á báyẹn. Ilẹ̀ àjà tẹ́jú, ara páìpù ló tẹ̀. Àjà mítà 3 jẹ́ mílímítà 15 ní òòró, ṣùgbọ́n bí o ti ń lọ sókè lórí bébà, àlàfo náà á máa fẹ̀ sí i. Láti àárín, ìlà kìíní á wà ní mílímítà 15.2, ìkejì ní 31.7, ìkẹta ní 52.7. Bákan náà ló rí nísàlẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí o tẹ́ páìpù sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí o fi amọ̀ há a kó má yí. Lẹ́ pẹ́ńsù mọ́ orí pákó pẹlẹbẹ kan, kí ẹnu rẹ̀ ga ní mílímítà 10 sórí tábìlì, kí o wá máa tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Gbé e sókè sí 25, lẹ́yìn náà 40, 55, 70, 85, 100. Yí pákó náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìfọwọ́ kan páìpù, kí o tún un ṣe.