Ọkọ̀ mi tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kà sí àdánù pátápátá, àti ohun tí mo ṣe sí i

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, tírélà kan tó ń yà fún kòtò kọ lu Toyota Corolla mi lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé Odò-Ọbà. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run sì yọ wá, ṣùgbọ́n gbogbo iwájú ọkọ̀ náà rún wọnú, airbag méjèèjì, àpò tó máa ń kún fún afẹ́fẹ́ kí orí ẹni má bàa gbá iwájú ọkọ̀, sì bẹ́ jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá wa gbé e kúrò lọ́nà, mo gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo sì fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò mi n'Ìbàdàn létí lọ́jọ́ kejì. Comprehensive ni mo ṣe, kì í ṣe third party tí kì í san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ ẹni fúnra ẹni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kọ̀wé sí mi pé owó àtúnṣe ọkọ̀ náà ti pọ̀ ju ohun tó yẹ kí àwọn ná lé e lórí lọ, nítorí náà àwọn kà á sí àdánù pátápátá. Iye tí mo kọ sínú ìwé nígbà tí mo ń ṣe adójútòfò náà jẹ́ 3,000,000 náírà, mo sì ti san 150,000 lé e, nítorí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ti pàṣẹ pé owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Síbẹ̀, 2,400,000 ni wọ́n fẹ́ san, wọ́n ní ọkọ̀ náà ti gbó. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ n'Ílọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ wọn lákọsílẹ̀. Kò sí èyí tó wá sílẹ̀ ju 3,500,000 lọ, nítorí bí náírà ṣe já wálẹ̀ lọ́dún náà ni ọkọ̀ àlòkù ń gbówó lórí. Nígbà tí mo kó ìwé wọ̀nyí ránṣẹ́, wọ́n gbà láti san 3,000,000, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìpín tí èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ gbé nínú àdánù náà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba owó tán kí ẹ tó ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ohun tó kù ni ọkọ̀ gan-an. Mo lè fi í sílẹ̀ fún wọn, mo sì lè gbà kí wọ́n yọ 650,000 kúrò nínú owó náà, kí n wá gbé e. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn, òun la sì fi gbé àbígbẹ̀yìn wa dé láti ilé ìwòsàn. Mẹkáníìkì mi ní kí n gbà á kí a tún un ṣe, ọkàn mi sì ń fà sí i.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe panẹ́ẹ̀bítà ní Sábó. Kò tilẹ̀ wo bónẹ́ẹ̀tì tó ká jọ. Ó fa okùn yọ lápò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n di orí okùn kan mú sí ihò nọ́ọ̀tì kan níwájú lápá ọ̀tún. Ó na ìyókù dé irú ihò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn lápá òsì, ó ta kókó sí i. Nígbà tí a yí i padà, láti iwájú òsì sí ẹ̀yìn ọ̀tún, kókó náà ré ihò kọjá, ó tó ìka mẹ́ta.

“Tísà, ṣé ẹ rí i? Ṣáṣí, egungun abẹ́ ọkọ̀, ti yí. Mo lè lù ú, mo lè kùn ún, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sáré, á máa fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Ó tún ṣàlàyé ohun tí àwọn kan máa ń ṣe sí airbag tó ti bẹ́: wọ́n á rán ojú dáṣíbọọ̀dù pọ̀, wọ́n á fi wáyà tan ọkọ̀ jẹ kí iná rẹ̀ má tàn mọ́, ẹni tó bá rà á á sì máa rò pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Bí mo bá tún un ṣe, mo mọ̀ pé n kò ní lè wà á fọkàn balẹ̀, màá tà á ni, ẹni tí yóò sì rà á lè jẹ́ òbí ọmọ tí mò ń kọ́. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ fún àwọn adójútòfò, àwọn náà yóò tà á fún ẹni tó bá san owó jù, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró kó má tún un ṣe. Ìyàwó mi ló sọ pé, “Ẹ gbà á, Bàbá Táyọ̀, kí ẹ tú u palẹ̀.”

Bí mo ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ tà ní Gate n'Ìbàdàn, ilẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn àti rédíò tà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì, gbogbo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 1,000,000. Wàhálà rẹ̀ pọ̀ o, torí ilé aládùúgbò kan ni òkú ọkọ̀ náà wà, mo sì ń lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo tú nọ́ńbà rẹ̀, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ọkọ̀ náà, nítorí àwọn olè máa ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n jí.

Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló ra ara rẹ̀ tó kù. Mo ní n kò ní gbowó àfi bó bá gé ṣáṣí náà lójú mi. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń lo gáàsì, a dúró títí iná fi jẹ ẹ́ já sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lé ìwọ̀n.