Àwo orin wa àkọ́kọ́: ṣé ká jọ lù ú pọ̀ ni?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa ti ń ṣe ìdánrawò. Gìtá tó wúwo bíi ti BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nàìjíríà, láyé 1973 là ń wá. Ọ̀gá sítúdíò ní kí oníkálukú wá gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó lè mọ́ tónítóní. Èmi ò fẹ́ mímọ́ yẹn rárá! Black Sabbath, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ lu àwo wọn àkọ́kọ́ pọ̀ ni, lọ́dún 1969, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ yàrá wa kéré: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbá ìlù ńlá ni ìró rẹ̀ ń wọnú máíkì gìtá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí la lè fi dí i tí agbára rẹ̀ ò ní lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká gba ohùn akọrin sílẹ̀ lẹ́yìn náà?