Ọ̀pá àti ríìlì wo ni kí n rà fún dáàmù Omi àti Odò Ọya?

Olùkọ́ Kábbà
Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọparun àti ìwọ̀ ni mo fi ń pẹja láti kékeré, mo sì mọ bí a ṣe ń fi ekòló tan èpìyà wálé. Ṣùgbọ́n ọparun mi kò dé ibi tí ẹja tó tóbi wà ní dáàmù Omi, ìyẹn dáàmù tó ń jẹ́ Omi nítòsí Ejíbà. Mo rí àwọn kan ní Ejíbà tí wọ́n dúró sí etí omi, tí wọ́n ju ìwọ̀ wọn lọ réré, tí wọ́n sì ń fi ríìlì ká okùn bọ̀ wálé. Ọkàn mi fà sí i gan-an.

Ọ̀pá kan àti ríìlì kan ni mo fẹ́ rà. Dáàmù Omi ni màá máa lọ jù lọ, ṣùgbọ́n tí a bá gba ìsinmi mo tún fẹ́ dé Lọ́kọ́ja kí n gbìyànjú Odò Ọya. N kò ní mọ́tò, ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, n kò sì fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan tó ń tà wọ́n ní kí n ra èyí tó tóbi jù, pé ẹni tó bá ní ńlá ti ní kékeré, àti pé ríìlì náà ní bíárìn 13 nínú, àwọn irin rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ kó yí geere. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Apẹja Ọ̀wọ̀rọ̀
Olùkọ́, okun. N kò fara mọ́ ìmọ̀ràn ọlọ́jà yẹn rárá. Kò sí ọ̀pá kan ṣoṣo tó lè ṣe omi méjèèjì bó ṣe yẹ. Omi tí ẹ máa ń lọ jù ni kí ẹ ra irinṣẹ́ fún, ìyẹn dáàmù Omi. Èpìyà àti àrọ̀ ni yóò máa bá ìwọ̀ yín pàdé níbẹ̀. Ọ̀pá líle tí wọ́n ṣe fún ẹja ńlá kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tí èpìyà bá fẹnu kan ìjẹ. Kò sì ní ju òjé fẹ́ẹ́rẹ́ jìnnà, torí pé títẹ̀ tí ọ̀pá ń tẹ̀ tó sì ń ta padà ló ń gbé òjé lọ. Tí òjé kò bá wúwo tó láti tẹ orí ọ̀pá, ẹ ó kàn máa fi apá jù ú ni, kò sì ní kọjá ibi tí ọparun yín dé.

Èyí tí màá rà tí mo bá wà nípò yín ni spinning, ìyẹn irú ríìlì tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá. Kí ọ̀pá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, kí wọ́n kọ medium sí i lára, ìyẹn agbára àárín. Kí ríìlì jẹ́ 3000 tàbí 4000. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ríìlì ṣe tóbi tó àti bí okùn tó lè gbà ṣe pọ̀ tó. 1000 kéré fún àrọ̀ tó ti dàgbà, 6000 sókè sì jẹ́ ti ẹja ńlá Odò Ọya.

Ẹ wo ara ọ̀pá, lókè díẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní síbẹ̀: agbára okùn tó yẹ fún un, bíi pọ́ùn 8 sí 14, àti ìwúwo ohun tó lè jù, bíi gíráàmù 7 sí 21. Tí ọlọ́jà bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ọ̀pá tí kò bá ní àkọlé yìí, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ní ti bíárìn 13, ẹ má jẹ́ kí ó fi iye bíárìn fọ́ yín lójú. Bíárìn 5 tó dára sàn ju 13 tó jẹ́ páńda. Drag ni kí ẹ yẹ̀ wò. Òun ni bíréèkì tó ń jẹ́ kí okùn máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹja bá fi agbára fà, kí okùn má baà já. Tí ẹja ńlá bá gbé ìjẹ, drag nìkan ló dúró láàárín yín àti òfo. Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ so okùn mọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ ẹran wọ̀n lọ́jà, ẹ ní kí ẹnì kan di òṣùwọ̀n náà mú, kí ẹ wá fi ọ̀pá fà á. Tí okùn bá jẹ́ ti pọ́ùn 12, èyí tó tó nǹkan bíi kílò 5 ààbọ̀, ẹ yí drag títí yóò fi máa yọ ní nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Láàárín ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́ta agbára okùn ni àwọn apẹja máa ń fi í sí. Ohun tí ẹ ń wò ni bó ṣe ń yọ. Tó bá ń yọ geere láìdúró, ó dára. Tó bá ń há, tó tún ń já, tó tún ń há, ẹ má rà á, bó ti wù kó rẹwà tó. Ibi tó bá ti há yẹn ni okùn máa já sí.

Ọmọ Mọpà
Ẹ̀gbọ́n mi Apẹja, ẹ má bínú, mo fẹ́ gbè sẹ́yìn baitcaster, ríìlì tó ń jókòó sórí ọ̀pá. Òun ni mo ń lò. Ó lágbára ju spinning lọ tí okùn bá nípọn, mo sì lè fi àtàǹpàkò dá okùn dúró kí ìjẹ bọ́ sí ojú ibi tí mo fẹ́ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté tí ẹja fara pa mọ́ sí. Olùkọ́ ti ń pẹja tipẹ́, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n lò.

Apẹja Ọ̀wọ̀rọ̀
Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni mo rò kí n tó dárúkọ spinning. Èkíní, baitcaster kò fẹ́ òjé fẹ́ẹ́rẹ́. Tí kẹ̀kẹ́ okùn bá ń yí ju bí òjé ṣe ń lọ, okùn á lọ́ mọ́ra wọn bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á wá jókòó máa tú okùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èkejì, ọlọ́wọ́ òsì ni Olùkọ́. Ọ̀pọ̀ spinning ni ẹ lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì gbé e sí èkejì. Baitcaster, bí wọ́n bá ti ṣe é fún ọwọ́ kan láti iléeṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà.

Ọmọ Mọpà
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. N kò kíyè sí ti ọwọ́ òsì yẹn. Kí ó fi spinning bẹ̀rẹ̀.

Alátùn-únṣe Ìsánlú
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni mo máa ń tún ríìlì ṣe fún àwọn tó ń pẹja ní ìhà Yàgbà. Níwọ̀n bí owó kò ti pọ̀, Olùkọ́, ẹ má sá fún tòkunbọ̀. Ríìlì tòkunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun tó jẹ́ gbàrọgùdù, ẹ sá ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ di ọwọ́ ríìlì mú, ẹ yí i pẹ̀lẹ́. Tí ẹ bá ń gbọ́ gíríṣì-gíríṣì nínú, yanrìn ti wọ inú jíà. Ẹ dá a dúró, ẹ gbìyànjú láti yí i sẹ́yìn: kò yẹ kó gbà. Ẹ ṣí wáyà rọ̀bọ̀tọ̀ iwájú rẹ̀, ẹ tún pa á dé, kó dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo igbá kékeré tí okùn ń gbà kọjá níbi wáyà yẹn. Ó yẹ kó máa yí. Tó bá ti gan, okùn á máa ha á títí á fi gbẹ́ ojú sí i, ojú yẹn á sì máa gé okùn yín.

Ọ̀pá náà ńkọ́? Ẹ mú òwú díẹ̀, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú egbò, ẹ kì í bọ inú òrùka kọ̀ọ̀kan tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá, ẹ fi nu inú rẹ̀ yíká. Ibi tí òwú bá há sí, òrùka yẹn ti sán. Ojú lè má rí i, òwú á rí i. N kò mọ iye èèyàn tó ti gbé ríìlì wá bá mi pé ó ń já okùn, tó sì jẹ́ pé òrùka orí ọ̀pá ni ọ̀daràn.

Nítorí ọ̀kadà, ẹ ra ọ̀pá oní-méjì, tí a lè yọ sí abala méjì. Ẹ má ra èyí tó ń wọnú ara rẹ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún un, oríkèé rẹ̀ pọ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan sì ni ibi tó lè kán. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀ omi, àmọ́ tó bá gbá irin ọ̀kadà pẹ́nrẹ́n, ó lè sán láìhàn, kó wá kán lọ́jọ́ tí ẹja bá fà á. Ọ̀pá fáíbà (fiberglass) wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìyà. Ẹni tó ń wọ ọ̀kadà láti Kábbà dé Ejíbà, fáíbà tàbí èyí tí wọ́n po méjèèjì pọ̀ ni màá fún un. Kí ẹ wá náwó sórí ríìlì ju ọ̀pá lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ejíbà
Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dára. Ohun tí ẹ kò tíì sọ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ríìlì jù ú jìnnà, àwọ̀n àwọn ọkọ wa àti ọmọ wa wà nínú omi yẹn. Ìwọ̀ yín á há sí àwọ̀n, ẹ ó fà á, àwọ̀n á ya, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ ẹni tó ya á. Owó oúnjẹ wa nìyẹn. Olùkọ́, tí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó wà létí omi, ẹ béèrè ibi tí wọ́n na àwọ̀n sí. Wọn ò ní lé yín, wọ́n á tún fi ibi tó jinlẹ̀ hàn yín.

Àti pé ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ etí omi tó dúró sójú kan. Àìsàn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ bàtà òjò.

Olùkọ́ Kábbà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màmá, mo ti gbọ́, kò ní ṣẹlẹ̀ láti ọwọ́ mi. Tí mo bá ti fi spinning 4000 ṣe ti dáàmù Omi, ẹ̀gbọ́n mi Apẹja, ṣé kí n gbàgbé Lọ́kọ́ja pátápátá ni?

Apẹja Ọ̀wọ̀rọ̀
Rárá o. Ẹ máa bọ̀. Etí omi Lọ́kọ́ja ní ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ tí 4000 yín lè kápá. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ bá gíwan ruwa, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Nile perch. Ẹja yẹn lè gùn ju èèyàn lọ. Ní adágún Nasser ní Íjíbítì, wọ́n fi ọ̀pá mú ọ̀kan tó wọn pọ́ùn 230 ní ọdún 2000. Tí irú ẹ̀ bá kọjú sí àárín odò, okùn orí ríìlì kékeré á tán kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ọ̀pá heavy, ìyẹn èyí tó le gan-an, ni tirẹ̀, ríìlì 6000 sí 8000, braid (okùn tí wọ́n hun) pọ́ùn 50, kí ẹ sì so tángísì nínípọn pọ́ùn 80 mọ́ iwájú rẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ rí ṣákiṣàki, etí ìjàgbọ̀n rẹ̀ sì mú. Ti tigerfish, ẹja eléyín mímú nì, wáyà ni, kò sí tángísì tí eyín rẹ̀ kì í gé. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ó ti yá ọ̀pá ńlá lò nígbà tí ẹ bá dé.

Ẹ má wá láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Àkókò yẹn ni omi máa ń kún, tó máa ń pọ́n fún ẹrẹ̀. Ẹni tó bá rí Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012 tàbí 2022 mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, omi lè ga lójijì tí wọ́n bá ṣí dáàmù lókè lọ́hùn-ún, ní Kainji àti Jẹ́bà. Ẹ máa bi àwọn ọlọ́kọ̀ kí ẹ tó dúró sórí yanrìn àárín odò, tí ẹ bá sì wọ ọkọ̀, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó.

Olùkọ́ Kábbà
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí tòkunbọ̀ 4000 kan, mo ti fi òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran dán drag rẹ̀ wò, ó ń yọ geere. Ọ̀pá fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 7, oní-méjì, medium. Òwú kò há sí òrùka kankan. Ó ku okùn. Tángísì ni àbí braid? Báwo sì ni mo ṣe máa ká a sórí ríìlì?

Alátùn-únṣe Ìsánlú
Ẹ kú oríire. Ẹ fi tángísì pọ́ùn 12 bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń nà díẹ̀, nínà yẹn ń ran ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ drag lọ́wọ́, kò sì wọ́n. Braid tẹ́ẹ́rẹ́ ju tángísì agbára kan náà lọ, ṣùgbọ́n tó bá fà yọ lójijì ó lè gé ọwọ́.

Ẹ fi okùn kọjá nínú òrùka ìsàlẹ̀ ọ̀pá, ẹ ṣí wáyà ríìlì, ẹ so okùn mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ pa wáyà dé. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ okùn tí ẹ rà lélẹ̀ gbalaja, kí àkọlé rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ ká a díẹ̀ nígbà tí ẹ fi ìka méjì fún okùn mọ́ra, kó má baà rọ̀. Ẹ dúró, ẹ dẹ okùn wò. Tó bá ń lọ́ mọ́ra rẹ̀, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ dé, kí ẹ wá máa ká a lọ. Ẹ má kún un dé ẹnu. Ẹ fi bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ létí. Tó bá kún jù á máa ya jáde, tó bá dín jù kò ní lọ jìnnà.

Tí ẹ bá ń so ìwọ̀, ẹ ti okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ ọ mọ́ ara okùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dá orí rẹ̀ padà sínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwọ̀, ẹ tún fi gba inú ihò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le, torí tí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, gbígbóná rẹ̀ á sọ tángísì di ẹlẹgẹ́ níbi kókó gan-an.