AutoCAD kọ̀ jálẹ̀ lórí Linux mi, ẹ gbà mí o

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Kabba ni mo wà, pláànù ilé ni mò ń fi AutoCAD yà jẹun. Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà, ráàmù 8GB péré. Nígbà tí Microsoft jáwọ́ lọ́rọ̀ Windows 10 lóṣù kẹwàá 2025, tí Windows 11 sì ní òun ò bá ẹ̀rọ mi ṣe, mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi Linux Mint sí i dípò Windows. Ó wá yá bí ọ̀kadà tuntun. AutoCAD nìkan ló kù. Mo gbé e gba inú Wine, ètò tó ń jẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe fún Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux: ó ṣí, ibi tó ti fẹ́ wo láísẹ́ǹsì ló kú sí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un ṣe. Jímọ̀ yìí ni ẹ̀ńjíníà kan ní Ìsánlú fẹ́ gba DWG, fáìlì àwòrán AutoCAD, lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n padà sí Windows ni?

Bàbá Sọ̀féyọ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti jẹ ìyà yẹn rí. Ti Windows àti ti Mac ni Autodesk, àwọn tó ni AutoCAD, ń ṣe, kò sí ti Linux. Wine máa ń gba àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kan, àwọn tuntun ló ń ṣagídí. Ẹ wo BricsCAD, ètò ìyàwòrán bí AutoCAD: ó ní ti Linux gan-an, DWG náà ló ń lò, àṣẹ tí ẹ ń tẹ̀ náà kò yí padà, L fún ìlà, TR fún gígé, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Owó ni o, àmọ́ ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò.

Ọmọ Yàgbà
FreeCAD ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, 1.0 ti jáde láti 2024.

Àǹtí Ayàwòrán, Mọ̀pà
Àbúrò, FreeCAD dáa, pàápàá fún ẹni tó ń ya irin. Ṣùgbọ́n a kì í fi iṣẹ́ Jímọ̀ kọ́ ọ. DWG pàápàá, ó di dandan kí o kọ́kọ́ yí i sí DXF, irú fáìlì àwòrán mìíràn, ibẹ̀ lojú mi ti rí nǹkan. Ògiri bulọ́ọ̀kù mi, 225 mìlímítà, ó di 5715 lọ́dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí! Ó pè mí, ó ní ṣé ààfin Ọbarò ni mò ń kọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ka mìlímítà mi sí íǹṣì. Kí o tó fi fáìlì ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, tẹ INSUNITS, àṣẹ tó ń sọ irú ìwọ̀n tí o lò, fi 4 sí i, ìyẹn mìlímítà. Lẹ́yìn náà kí o tún un ṣí, kí o wọn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Bàbá Sọ̀féyọ̀
5715! Ilé ńlá nìyẹn.

Ọmọ Yàgbà
Tàbí kó gbé Windows sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn nínú ẹ̀rọ ẹni?

Àǹtí Ayàwòrán, Mọ̀pà
Lórí 8GB? Kí ó yáa ra ẹ̀rọ amúnáwá kún un.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. BricsCAD ni mo lò. Mo wọn ilẹ̀kùn yàrá: 900, ó pé. Mo fi í ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀ńjíníà ti pè, ó ní gbogbo ẹ̀ ló ṣí, fọ́ǹtì àkọlé nìkan ló yí padà. Mo ti di gbogbo fọ́ǹtì náà ránṣẹ́ sí i.